Àìsàn Tó Mọ Ọ̀nà Ilé

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wa ọkọ̀ kọjá lórí títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lónìí, tí ẹ ń bú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Jákàńdè títí dé Ajáh, ẹ lè rò pé àgbà ń parọ́ bí mo bá ní ìgbà kan wà tí ẹni tó fẹ́ dé Ajáh láti Ìsàlẹ̀ Èkó á kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, á gba orí ọ̀sà, òórùn ẹja yíyan láti abúlé àwọn Ìlàjẹ àti àwọn Ẹ̀gùn á sì ti kí i káàbọ̀ kí ó tó fojú kan ilẹ̀. Ìgbà Lateef Jákàńdè, tó ṣe gómìnà láti 1979 sí 1983, ni ọ̀rọ̀ títì ńlá yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ igbó àgbọn di ìgboro. Kí ó tó dìgbà náà, igi àgbọn ló ni etí òkun, àwa ará Màrókò la sì ni ẹ̀fọn. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ìtàn tí wọ́n pa fún mi ni mo fẹ́ pa fún yín. Ojú mi ló ṣe.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kíka pátákó ìpolówó àwọn ìjọ ti di ìgbafẹ́ mi, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti dúró, kí ni arúgbó tún fẹ́ kà? Láti ìyànà Chevron dé Sàngótẹ̀dó, pásítọ̀ tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ pọ̀ ju igi lọ. Ìwòsàn ni púpọ̀ nínú wọn ń pè wá sí: ìwòsàn ọjọ́ mẹ́ta, ìwòsàn òru, ìwòsàn pẹ̀lú òróró. Mi ò bú wọn. Ẹni tí ara ń ro mọ ohun tó ń wá. Àmọ́ mi ò tíì rí pátákó kan ṣoṣo tó ní kí ẹni tí wọ́n wò sàn lọ́dún tó kọjá, tí àìsàn rẹ̀ sì ti padà dé, máa bọ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn pọ̀ ju bí ẹ ṣe lérò lọ. Inú ilé kan náà ni èmi àti ọ̀kan nínú wọn ti dàgbà.

Àbúrò mi ọkùnrin ni, ẹni tó tẹ̀lé mi gan-an, tí wọ́n bí sí Màrókò láàárín àwọn ọdún 1950. Fòníkú-fọ̀ladìde ló ń ṣe é. Lónìí á máa ké pé eegun òun ń fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ á wú, ìyá wa á máa pọn ọn kiri ilé bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà kọjá ẹni à ń pọ̀n. Kí ó tó di ọ̀túnla, ọmọ yìí kan náà ni yóò máa gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn, tí yóò máa bú mi pé mi ò mọ̀ ọ́n gbá. Àwọn aládùúgbò ní àbíkú ni. Ìyá àgbà kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lára kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá mi, tí iṣẹ́ ẹja yíyan ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n tipẹ́, kọ gbẹ́rẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ funfun.

Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí àwọn ọmọ wòlíì ibẹ̀ ṣì wà láyé, wọn ò sì rán mi níṣẹ́. Pákó ni ògiri rẹ̀, páànù ni òrùlé rẹ̀, yanrìn òkun ni ilẹ̀ rẹ̀, a kì í sì í wọ bàtà wọlé. Bí mo bá ti di ojú mi báyìí, òórùn ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí: tùràrí tó ń jó lórí ẹyín iná, àbẹ́là tó ń yọ́, lọ́fíńdà tí wọ́n wọ́n sí ojú pẹpẹ, àti lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òórùn ẹja tí ìyá mi kò lè fọ̀ kúrò lára aṣọ funfun rẹ̀ láéláé, bó ti wù kí ó lo ọṣẹ tó. Kọ́bọ̀ ni wọ́n ń ta àbẹ́là kékeré nígbà náà, kọ́bọ̀ àtijọ́ o, èyí tó ṣáájú náírà tí wọ́n gbé dé ní 1973. Wòlíì á ní kí ẹ mú méje wá fún ọjọ́ méje. Ẹ óò tún ra kàìnkàìn tuntun, ọṣẹ dúdú, àti ìkòkò amọ̀ tí iná kò tíì kàn rí. Lọ́fíńdà ló wọ́n, ó ń gba ṣílè, ìgbà mìíràn sì wà tí ìyá mi á fi ẹja ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin Ìjẹ̀bú tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ìjọ. Iṣẹ́ la ń pe gbogbo èyí. Wòlíì á sọ pé, "Ìyá ọmọ, iṣẹ́ yìí ni Ẹ̀mí ní kí ẹ ṣe," ìyá ọmọ á sì wólẹ̀.

Lóru ọjọ́ Jímọ̀, a óò fẹsẹ̀ rìn gba ẹ̀bá Kúràmọ̀ lọ sí etí òkun, títí dé Bar Beach nígbà mìíràn. Ibẹ̀ ni wọ́n wá ń yìnbọn pa àwọn adigunjalè láti ọdún 1971. Ibẹ̀ náà ni ìlú olówó tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic jókòó sí báyìí, orí yanrìn tí wọ́n fi ẹ̀rọ fà jáde látinú òkun. Nígbà tí à ń sọ yìí, ti aládùúrà ni. Ẹ óò rí àbẹ́là lórí yanrìn láti òkèèrè, ẹgbẹ́ kan níbí, ẹgbẹ́ kan lọ́hùn-ún, agogo ń dún, àwọn aríran ń sọ̀rọ̀ lédè tí àwa ọmọdé máa ń sín jẹ bí a bá padà sílé, títí ìyá wa á fi gbá wa létí. Wọ́n á ri àbúrò mi bọ omi òkun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á fi aṣọ funfun wé e, wọ́n á gbé e padà sí ilẹ̀ àánú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjọ, níbi tí àwọn aláìsàn ń sùn sí lórí ẹní.

Ara rẹ̀ á sì yá o. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé kò yá. Mo rí i, mo bá a jẹ èbà lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ìyá mi á gbé ọsàn, ọ̀pẹ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn lọ dúpẹ́, á jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú, àwọn ìyá ìjọ á gbá a tẹ̀lé, àwa ọmọ á dúró kí wọ́n pín èso. Lẹ́yìn náà, òjò oṣù keje á dé, òtútù á wọ inú pákó, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí, ẹ fara balẹ̀. Lọ́jọ́ tí àìsàn yẹn bá padà, ìyá mi kì í sá pamọ́. Kò sí ìdí fún un láti sá. Ìdúpẹ́ tó ṣe lóṣù tó kọjá kò di gbèsè sí i lọ́rùn. Á tún gbé ọmọ lọ, wòlíì á tún wo ojú ọmọ náà, á ní, "Ó tún dé? Ẹ gbé e wọlé." Kò bi í pé ibo ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti jò. Àwọn ìyá ìjọ á pín òru láàárín ara wọn, ẹni tó máa fi òróró ólífì ra á lẹ́sẹ̀ títí di agogo méjìlá, ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Obìnrin tó ń ta lọ́fíńdà yẹn gan-an, tí a máa ń sọ pé ahun ni, òun ló máa ń gbé omi gbígbóná wá. Wọ́n ti mọ̀ pé àìsàn náà á padà. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún un nínú ètò ìjọ wọn, bí wọ́n ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ìkómọjáde àti ìsìnkú.

Nígbà tí ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí bẹ́ẹ̀, nọ́ọ̀sì kan kó wá sí àdúgbò wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó wo ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí ìyá mi gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe gbọ́ nípa SS nìyẹn. Ó ní kí ó máa lo Paludrine lójoojúmọ́ nítorí ibà, kí ó máa lo folic acid nítorí ẹ̀jẹ̀, kí ó máa mu omi dáadáa, kí òtútù má sì máa mú un. Ìyá mi gba oògùn náà, ó dì í sínú aṣọ, ó sì fi pamọ́ fún wòlíì fún ìgbà pípẹ́. Ọjọ́ kan ni ìdì náà já bọ́ lórí ẹní ní ilẹ̀ àánú. Gbogbo wa dákẹ́. Wòlíì mú oògùn náà, ó yí i lọ yí i bọ̀, ó wá béèrè pé, "Omi wo ló fi ń mu ún?" Ìyá mi ní omi kànga. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó máa fi omi àdúrà mu ún." Ọ̀rọ̀ parí.

Kì í ṣe gbogbo aládùúrà ló rí bẹ́ẹ̀ o, kí n má fi adùn ẹnu tàn yín jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ oògùn àti ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, ẹ gbọ́. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 ti inú ọkọ̀ òkun wọ Èkó, tó sì tàn wọ ilẹ̀ Yorùbá, tí oògùn òyìnbó kò ràn án, tí tìbílẹ̀ náà kò sì ràn án, àwọn kan kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde nínú ìjọ Áńgílíkà, Joseph Shadare ni olórí wọn, ọ̀dọ́bìnrin olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Sophia Odunlami sì sọ pé Ọlọ́run fi hàn òun pé omi òjò àti àdúrà ni kí àwọn èèyàn lò. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bá àwọn ará Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dòwò pọ̀ nípasẹ̀ lẹ́tà àti ìwé ìròyìn tí David Odubanjo ń gbà. Ẹ̀kọ́ àwọn yẹn le: kò sí àgbo, kò sí kuníìnì, àdúrà nìkan. Nígbà tó di 1930, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ti ń wa katakata títẹ ọ̀nà láàárín Iléṣà àti Àkúrẹ́ nígbà tí ó gbọ́ ìpè ní 1928, ló dá Òkè-Oòyè ní Iléṣà rú, tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń gbé omi nínú ìkòkò àti ìgò wá fún un láti gbàdúrà sí.

Àwọn òyìnbó ìjọ Àpọ́sítélì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá dara pọ̀ mọ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ìfẹ́ dùn, àfi ìgbà tí wọ́n rí kuníìnì lọ́wọ́ àwọn òyìnbó náà. Ìjà dé. Àwọn tiwa ní báwo ni ẹni tó ń wàásù ìwòsàn á ṣe máa gbé oògùn mì ní kọ̀rọ̀? Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, wọ́n ti pínyà, ìjọ Àpọ́sítélì ti Krístì, CAC, sì dá dúró, ìjọba fọwọ́ sí orúkọ rẹ̀ ní 1943. Isaac Akínyẹlé, tó wá di Ọlúbàdàn ní 1955, wà lára àwọn olórí rẹ̀. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ ro ó bọ̀. Ẹni tí ibà ti ń bá jà láti ìgbà ọmú, tí kò rí i pa, ara rẹ̀ á ti mọ bó ṣe ń bá ibà gbé. Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀ látinú ọkọ̀ kò ní ààbò yẹn, ibà lè gbé e lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí náà, nígbà tí baba wa kan bá dìde lórí ẹní láìlo kuníìnì, ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ tí ibà ti pa ní kékeré kò sí níbẹ̀ láti bá a jẹ́ ẹ̀rí.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ni Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́. Ẹ̀yin Kérúbù àti Séráfù mọ ìtàn rẹ̀: ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n, bọ́ sínú ìran l'Ékòó, kò jí, wọ́n wá ránṣẹ́ pe Orímọládé, ó gbàdúrà, ọmọ náà jí. Láti ibẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn oníwàásù kì í dúró lé lórí ni pé baba yẹn gan-an kò rìn gaara. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú, wọ́n ní ó lá àlá, ó fi omi odò wẹ ẹsẹ̀, ó dìde, àmọ́ ó ń tiro. Ó tiro wọ Èkó, ó tiro káàkiri ìlú tó ti wàásù, ó sì ń tiro títí tó fi kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1933. Àwọn èèyàn rí i pé ó ń tiro, wọ́n sì ń gbé aláìsàn wọn tọ̀ ọ́ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi pásítọ̀ tó ń tiro sórí pátákó ìwòsàn ní Lẹ́kí lónìí, kí a wo iye ẹni tó máa wá. Babalọlá náà kú ní Ẹdẹ ní 1959, kò ju ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta lọ. Oshoffa tó dá Ìjọ Mímọ́ sílẹ̀ ní Porto-Novo ní 1947, ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣokùnfà ikú rẹ̀ ní 1985. Kò sí èyí tó sọ ìjọ wọn di ahoro. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ọlọ́jọ́.

Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn dókítà, nítorí arúgbó tó ń jókòó sí ọsibítù ní àkókò láti béèrè, pé kí ló dé tí ìwòsàn fi máa ń wá tó tún máa ń lọ. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àìsàn ló ní ìrìn tirẹ̀. Ibà a máa gbóná, a máa rọlẹ̀, a tún máa gbóná ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ẹ bá gbàdúrà nígbà tó kù díẹ̀ kó rọlẹ̀, á rọlẹ̀ lójú yín. Fòníkú-fọ̀ladìde rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ á dì mọ́ inú òpó tẹ́ẹ́rẹ́, ìrora á dé, á tó ọjọ́ mélòó kan, á tú, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ SS tí wọ́n bí ọmọ mọ́ ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ní nínú àwa ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé ìdajì rẹ̀ sára láìmọ̀. Wárápá a máa fi oṣù mẹ́fà sinmi. Orúnkún tó ń dunni a máa gbàgbé ara rẹ̀ bí ìlù bá dùn tí ọkàn sì gbóná. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló burú jù, nítorí kì í dunni rárá. Ẹni tó bá ní òun ti sàn, kò ní ohun tó máa sọ fún un pé kò tíì sàn. Mo mọ awakọ̀ kan ní Langbasa tó da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú gọ́tà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, tí gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Rọpárọsẹ̀ ló gbé e ṣubú kí ọdún tó yí.

Àmọ́ kò sí dókítà kan nínú wọn tó lè sọ fún mi ìdí tí àbúrò mi kì í fi í bẹ̀rù òru bí àwọn ìyá ìjọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kọjá tiwọn.

Ní oṣù keje ọdún 1990, Gómìnà Rájì Ràsákì fún Màrókò ní ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù náà, katakata wọlé. Àwọn tó kọ ọ́ sínú ìwé ní a tó 300,000 èèyàn. Òjò ń rọ̀. Ilé ìjọ wa lọ, ilẹ̀ àánú lọ, pákó, páànù, àti kànga. Wọ́n kó àwọn kan lọ sí Ìlàsàn àti Ìkòtá, àwọn yòókù fọ́nká, àwọn kan rìn títí wọ́n fi dé Ajáh. Àbúrò mi ti kọjá ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó ti ń tún rédíò ṣe, ó ti gbéyàwó, ọjọ́ orí tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí pé ó máa dé. Òjò yẹn pa á fún ọjọ́ púpọ̀. Kò dìde dáadáa mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀lé e, a sin ín.

Wòlíì wa ti darúgbó, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn, ó sì wá. Kò wàásù. Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní pẹ̀lú ìyá mi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ó jẹ ẹ̀kọ, ó lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, mo rí ìyá mi tó ń fi irin ẹlẹ́yín lọ aṣọ funfun rẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá mi, ẹ ṣì ń lọ?" Mo ṣì jẹ́ ọkùnrin tí orí rẹ̀ gbóná nígbà yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹnì kan jíyìn fún mi. Kò gbójú sókè. Ó ní, "Èmi àti Ọlọ́run ní ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ, ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i. Àwọn tó bá mi gbé ọmọ náà lóru, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Níbo lo tún fẹ́ kí n lọ?" Ó dé gèlè, ó jáde.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà ọdún 1998, Ìjọ Ìràpadà pe ìpàdé ńlá sí etí òkun Lẹ́kí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Lekki '98, Pásítọ̀ Adébóyè ló darí rẹ̀. Mi ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tíì rí i mọ́. Mílíọ̀nù ni àwọn èèyàn fi ń kà á. Ọkọ̀ dúró lórí títì, kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn, àwọn èèyàn bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn nínú aṣọ Sọ́ńdè, àwọn ọmọ wa ń ta omi inú ọ̀rá fún wọn, wọ́n sì jèrè owó tí wọ́n fi san owó ilé ìwé. Mo dúró lẹ́bàá títì, mò ń wo arọ tí wọ́n ń fi bárò tì, mo sì rántí àbẹ́là lórí yanrìn. Ohun tí à ń wá kò yí padà, èrò ló pọ̀ sí i.

Láti ìgbà náà ni ìjọ ti ń hù ní ẹ̀bá títì yẹn, tẹlifíṣọ̀n sì bá wọn dé. Ó pọ̀ débi pé ní 2004, àjọ NBC tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pàṣẹ kí wọ́n yé fi iṣẹ́ ìyanu tí wọn ò lè fi ẹ̀rí tì lẹ́yìn hàn. Àwọn kan bínú, àwọn kan yọ̀. Èmi ò ṣe méjèèjì, nítorí òfin yẹn ń béèrè bóyá ìwòsàn náà ṣẹlẹ̀, kò béèrè bí ẹni náà ṣe ń ṣe lóṣù kẹta.

Obìnrin kan wà tó ń dín àkàrà ní tòsí ilé mi. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ló ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń rìn. Ó lọ sí ìpàdé kan ní ìjọ kan níbí, wọ́n gbàdúrà, ó ju ọ̀pá nù, ó sá yí ilé ìjọ ká, mo rí i nínú fídíò tí ọmọ rẹ̀ fi hàn mí. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Kí oṣù náà tó parí, orúnkún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyá yìí ń ṣe? Láràárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, á fi ọ̀pá rìn títí dé ẹnu ọ̀nà mi, á fi ọ̀pá náà síbẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á di ara rẹ̀ mú, á máa fi ọwọ́ tẹ ara ògiri lọ sí ìjọ, nítorí ẹni tó ní ẹ̀rí kò gbọdọ̀ mú ọ̀pá wọlé. Bí ìsìn bá parí, á wá gbà á. Ẹnì kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ ti sọ fún un pé iyèméjì ló ṣí ilẹ̀kùn fún àìsàn náà. Ó gbà á gbọ́. Ó ń gbààwẹ̀ lórí ìyẹn, arúgbó tó ń dín àkàrà láti agogo márùn-ún àárọ̀. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́. Kò lọ síbòmíràn náà.

Èyí ló ń dùn mí ju kí orúnkún padà. Orúnkún àgbà á padà, ta ni kò mọ̀? Nínú ìjọ pákó tí wọ́n fi katakata wó, ọmọ tí àìsàn rẹ̀ padà ní ẹní tirẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ìyá aláàkàrà kò rí ibi tó máa gbé ọ̀pá rẹ̀ sí.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kan mo lọ bá pásítọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ mi, ọmọdékùnrin jẹ́jẹ́ tó ń wọ jíìnsì wàásù, tó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ fún mi dáadáa, ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kí ó fún mi ní ìsìn ẹ̀rí kan ṣoṣo lóṣù, fún kìkì àwọn tí àìsàn wọn ti padà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rí kí ni wọ́n máa wá jẹ́?" Mo ní wọ́n á sọ ẹni tó ń bá wọn pọn omi, oògùn tó bá wọn lára mu, ohun tí wọ́n ń bá Ọlọ́run jà lé lórí, kí a sì tún gbàdúrà fún wọn láìbi wọ́n léèrè. Ó ronú. Ó ní òun á kọ́kọ́ bi ìgbìmọ̀. Ó tún ní bóyá kì í ṣe ọjọ́ Sọ́ńdè, nítorí àwọn àlejò, kí wọ́n má baà ṣì wá lóye. Ó ní, ṣé Túsìdeè nírọ̀lẹ́ kò burú?

Mo ní Túsìdeè dára. Ìyá aláàkàrà kì í dín àkàrà nírọ̀lẹ́. Àmọ́ mo ní kí ó wá àga tó ní ìfẹ̀yìntì, kì í ṣe àpótí oníke wọ̀nyẹn, kí ó sì gbé e sí tòsí ẹnu ọ̀nà.